Hygiea, Àpáta Ńlá Tí Wọ́n Kà Sí Ìkẹwàá

Láàárín ojú ọ̀nà tí Máàsì ń tọ̀ yí oòrùn ká àti èyí tí Júpítà ń tọ̀, àìmọye àpáta ló wà tí àwọn náà ń yí oòrùn po. Ásítẹ́rọ́ìdì ni àwọn onímọ̀ sánmà ń pè wọ́n. Bí a bá tò wọ́n bí wọ́n ṣe tóbi sí, Ceres ni yóò ṣíwájú, Vesta àti Pallas yóò tẹ̀ lé e, ìkẹrin yóò sì jẹ́ Hygiea, àpáta dúdú kan tó fẹ̀ tó nǹkan bí 430 kìlómítà láti etí kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ wọn sí, nọ́ńbà 10 ló wà níwájú orúkọ Hygiea. Àpáta mẹ́fà tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tóbi tó o ló ti wọlé ṣáájú rẹ̀: Juno, Astraea, Hebe, Iris, Flora àti Metis. Ó rọrùn láti gbójú fo nọ́ńbà yẹn, ká ní ọ̀rọ̀ ta ló kọ́kọ́ rí kí ni kò tó nǹkan. Èrò tèmi yàtọ̀. Inú nọ́ńbà yẹn gan-an ni mo ti rí ìtàn iṣẹ́ wíwá ásítẹ́rọ́ìdì, nítorí ó fi hàn pé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dé ojú wọn ni àwọn onímọ̀ sánmà ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń kọ sílẹ̀, tí wọ́n sì rò pé bí agbègbè náà ṣe rí ni wọ́n ń kọ. Àṣìṣe yẹn lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kúrò nílẹ̀.

Ìlú Palermo ní Sísílì ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1801, àlùfáà Giuseppe Piazzi ń to àwọn ìràwọ̀ sínú ìwé rẹ̀, ó sì bá ọ̀kan pàdé tó ń ṣípò padà láti alẹ́ dé alẹ́. Ó pè é ní Cerere Ferdinandea: Ceres fún òrìṣà ìkórè tí àwọn ará Sísílì ayé àtijọ́ ń bọ, Ferdinandea fún Ọba Ferdinand tó ń jọba lé wọn lórí. Ara Piazzi kò yá, ohun tó rí sì ti wọ ẹ̀yìn oòrùn kí àwọn yòókù tó rí ọ̀nà wá a. Ìṣirò tí Carl Friedrich Gauss ṣe ní Jámánì ló jẹ́ kí wọ́n tún rí i nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ. Heinrich Olbers, oníṣègùn kan ní Bremen, rí Pallas ní 1802. Karl Harding rí Juno ní 1804, Olbers sì tún rí Vesta ní 1807. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún 38 kọjá tí ẹnikẹ́ni kò rí òmíràn. Pílánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹni tó tún ọ̀nà náà là ni Karl Hencke, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ rí ní Driesen, ìlú kékeré kan tó wà lábẹ́ Prussia nígbà náà. Ọdún 15 ló fi ń wá kiri kí Astraea tó bọ́ sí i lójú ní oṣù Ọ̀pẹ 1845. Máàpù ìràwọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Berlin ń tẹ̀ jáde ní ìpín-ìpín ló ràn án lọ́wọ́, irú máàpù yìí kan náà ló sì jẹ́ kí wọ́n tètè dá Neptune mọ̀ ní 1846. Ẹni tó bá ní máàpù tó dájú yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí awò awọ̀nàjíjìn fi hàn án, yóò wá wo èwo ni máàpù kò mọ̀. Láàárín 1847 sí 1848, Hencke tún rí Hebe, John Russell Hind rí Iris àti Flora láti Lọ́ńdọ̀nù, Andrew Graham sì rí Metis láti Markree ní Ireland.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Annibale de Gasparis, ọmọ ọdún 29 láti Bugnara ní agbègbè Abruzzo, rí àpáta tirẹ̀ ní Naples ní ọjọ́ 12 oṣù Igbe ọdún 1849. Òkè Capodimonte ni ilé ìwòràwọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ wà. Ní 1812 ni àṣẹ jáde pé kí wọ́n dá ilé náà sílẹ̀, nígbà tí Joachim Murat, ọkọ àbúrò Napoleon, ń jọba níbẹ̀. Àwọn ọba ìdílé Bourbon tó padà sórí ìtẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n parí ilé náà. Ọ̀gá ilé ìwòràwọ̀ náà, Ernesto Capocci, ló sọ àpáta tuntun yìí lórúkọ: Igea Borbonica. Igea ni òrìṣà ìlera láàárín àwọn Gíríìkì, ọmọ Asclepius tó ni ìṣègùn. Ti ìdílé ọba ni Borbonica. Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí orúkọ kejì yìí. Ní 1848, ọdún kan péré ṣáájú, àwọn ará ìlú ti dìde sí Ọba Ferdinand Kejì. Ó fún wọn ní ìwé òfin àti ilé aṣòfin, kò pẹ́ tó tún fi ọwọ́ líle gba gbogbo rẹ̀ padà, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì rọ àgbá lu Messina débi tí wọ́n fi ń pè é ní Ọba Bọ́ǹbù. Capocci wà lára àwọn tó bá ẹgbẹ́ alátùn-únṣe lọ. Orúkọ ọba tó fi sára àpáta kò gbà á sílẹ̀: ní 1850 wọ́n yọ ọ́ nípò, kò sì padà síbẹ̀ títí ọ̀gágun Garibaldi fi wọ Naples ní 1860 tí ìjọba Bourbon sì fọ́. Ní ti orúkọ yẹn, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kò dúró de Garibaldi. Nígbà tó fi máa di 1852, Hind ti ń kọ ọ́ pé Hygeia ni gbogbo ayé ń pe àpáta náà, wọ́n ti gé Borbonica dànù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gé Ferdinandea kúrò lára Ceres.

Mo tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ yìí nítorí ó fi hàn bí ohun tí kì í ṣe ti sánmà rárá ṣe ń lẹ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ sánmà. Orúkọ ọba rọrùn láti gé, torí kò sẹ́ni tí kò rí i pé ọwọ́ èèyàn ló fi í síbẹ̀. Nọ́ńbà kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ásítẹ́rọ́ìdì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, tí àmì tí wọ́n ń yà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìnira, Johann Encke ní Berlin bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà tí òbírí yí ká rọ́pò àmì wọ̀nyẹn ní nǹkan bí 1851. Kò pẹ́ tó di àṣà gbogbo gbòò, tí wọ́n ń kà á láti orí Ceres wá sísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe rí wọn tẹ̀ léra. Èyí wá mú kí ìgbà tí ojú ẹnì kan bá ohun kan pàdé di ara ohun náà títí láé. Wọ́n sì ti ń pe mẹ́rin àkọ́kọ́ ní ẹni ńlá ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Juno, tó wà lára wọn, kò tó Hygiea rárá.

Kí ló wá fà á tí àpáta tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fi dúró lẹ́yìn? Àpáta kì í tan ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀. Ti oòrùn ló ń dá padà, ohun tó sì fi ṣe ara ló ń sọ iye tí yóò dá padà. Vesta ń dá iye tó lé ní ìdá 40 nínú 100 padà. Juno ń dá nǹkan bí ìdá 22 padà. Hygiea, tí ara rẹ̀ kún fún kábọ́ọ̀nù, nǹkan bí ìdá 7 ni agbára rẹ̀ mọ. Ẹ jẹ́ ká fi òun àti Juno wéra. Juno fẹ̀ tó nǹkan bí 250 kìlómítà, nítorí náà ojú rẹ̀ tó kọ sí wa kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ojú Hygiea. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ilẹ̀ tó fẹ̀ bákan náà lórí àwọn méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti orí Juno bọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti Hygiea. Èyí ti pa ìyàtọ̀ ìbú wọn rẹ́: bí a bá gbé àwọn méjèèjì sí ibì kan náà, kò ní sí ẹni tó lè fi ìmọ́lẹ̀ wọn mọ èyí tó tóbi. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹni tó wọ aṣọ funfun ni a máa ń kọ́kọ́ rí lójú ọ̀nà, aláṣọ aró tí wọ́n jọ ń bọ̀ ìbáà ga jù ú lọ. Ká ní ara Hygiea dà bíi ti Vesta ni, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ìbá tó ìlọ́po mẹ́fà èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, n kò sì rò pé Olbers ìbá gbójú fò ó.

Ẹni tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ lè sọ pé òkùnkùn kọ́, pé ọ̀nà jíjìn ló dá a dúró. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí a bá pe ọ̀nà tó wà láàárín ayé wa àti oòrùn ní 1, Hygiea jìnnà sí oòrùn tó 3.14 ní ìpíndọ́gba, Juno sì wà ní 2.67. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń rẹ̀ dànù bó ṣe ń lọ, ó tún ń rẹ̀ dànù bó ṣe ń bọ̀, nítorí náà ìyàtọ̀ kékeré nínú ọ̀nà ń di ìyàtọ̀ ńlá nínú ohun tí ojú rí. Ṣùgbọ́n ìṣirò lè bá wa dá ẹjọ́ yìí. Bí a bá mú àwọn méjèèjì nígbà tí ayé wa wà láàárín wọn àti oòrùn, ní ìwọ̀n ọ̀nà tí mo sọ yìí, jíjìn nìkan yóò dín ìmọ́lẹ̀ Hygiea kù sí nǹkan tó dín díẹ̀ ní ìdajì ohun tí ìbá jẹ́ ní ipò Juno. Òkùnkùn ara rẹ̀ dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn méjèèjì jọ ṣe é ni, òkùnkùn ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1849 ló jẹ́ kí n dúró gbọn-in lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àwọn àpáta tó fẹ̀ tó 250 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí ara wọn mọ́lẹ̀ ti wọ ìwé tán kíá: Juno, Vesta, àti Eunomia tí de Gasparis fúnra rẹ̀ rí ní 1851. Àwọn dúdú ń falẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Hermann Goldschmidt, ayàwòrán tó ń gbé ní Paris, rí Europa ní 1858, nọ́ńbà 52. Raymond Dugan rí Davida ní Heidelberg ní 1903, ó sì gba nọ́ńbà 511. Ọ̀kan tó yà mí lẹ́nu jù ni Interamnia, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 330 kìlómítà, tó jẹ́ pé lẹ́yìn Hygiea òun ló kàn. Vincenzo Cerulli kò rí i títí di 1910 ní Teramo, ìlú tó fi orúkọ àtijọ́ rẹ̀ sọ ọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 704! Nígbà yẹn, ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí Max Wolf ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà ya ojú sánmà ní Heidelberg, tí ásítẹ́rọ́ìdì ń fa ìlà gbọọrọ sórí àwòrán níbi tí ìràwọ̀ kò ti ju àmì kékeré lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpáta kéékèèké ti wọlé kí ìkarùn-ún wọn ní títóbi tó wọlé.

Àtakò kan tún wà tó lágbára ju ti ọ̀nà jíjìn lọ. Ceres náà dúdú. Ìdá 9 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ni ó ń dá padà, síbẹ̀ òun ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ìdáhùn mi ni pé Ceres fẹ̀ tó nǹkan bí 940 kìlómítà. Ojú rẹ̀ tó kọ sí wa lé ní ìlọ́po mẹ́rin ti Hygiea, ó sì sún mọ́ wa jù ú lọ. Òkùnkùn kò lè bo ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí títóbi bá ti mọ níwọ̀n ni òkùnkùn ti ń rí ibi fara pamọ́ sí, agbègbè yẹn sì kún fún irú wọn. Ẹlòmíràn lè sọ pé oríire ni gbogbo rẹ̀: pé Piazzi kò wá ohun tó rí, pé ìkùukùu lè bo ojú sánmà lálẹ́ tí ìbá dára. Mo gbà pé oríire ló ń pinnu ẹni tí yóò rí i àti alẹ́ tí yóò rí i. Kò lè ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ pé láti 1807 dé 1910 àwọn dúdú ló ń kẹ́yìn.

Ìdí tí àṣìṣe náà fi pẹ́ ni pé ohun tó fà á ni wọ́n tún ń fi wọn àpáta. Edward Emerson Barnard fi awò awọ̀nàjíjìn ńlá ilé ìwòràwọ̀ Lick ní Kalifóníà wọn ìbú mẹ́rin àkọ́kọ́ láàárín ọdún 1890 sí 1899, iṣẹ́ àṣelàágùn tó yẹ fún ìyìn. Àwọn yòókù kò ju àmì kékeré lásán lọ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó gbọ́dọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ wọn méfò, kó sì kọ́kọ́ gbà pé ara wọn ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bákan náà. Bó bá ti gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo àpáta dúdú ti kéré lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó di àwọn ọdún 1970 ni wọ́n rí ọ̀nà mìíràn. Àpáta tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì yóò gbóná, yóò sì máa tú ooru náà jáde ní irú ìtànṣán tí ojú kò lè rí ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ lè wọ̀n. Ẹni tó bá fi ooru yẹn wé ìmọ́lẹ̀ tó rí, yóò mọ bí ara àpáta náà ṣe dúdú tó àti bó ṣe tóbi tó lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1975, Clark Chapman, David Morrison àti Ben Zellner pín ásítẹ́rọ́ìdì sí ẹ̀yà tí wọ́n fi lẹ́tà pè, C fún àwọn tó jọ òkúta oníkábọ́ọ̀nù, S fún àwọn olókùúta tó mọ́lẹ̀. Ní 1983, sátẹ́láìtì IRAS wọn ooru púpọ̀ sí i láti òkè. Ohun tó jáde níbẹ̀ yí àwòrán àtijọ́ padà pátápátá: àwọn dúdú, tí wọ́n ti kà sí kékeré, ló kó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo wọn.

Ohun tó dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé ẹ̀rí wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ló wà. Ní 1806, òkúta kan já bọ́ láti òkè nítòsí Alais ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ó dúdú, ó sì ń rún. Jöns Jacob Berzelius, àgbà onímọ̀ kẹ́míkà ní Sweden, tú u wò ní 1834, ó bá kábọ́ọ̀nù àti ohun tó ti mu omi nínú rẹ̀. Òkúta bẹ́ẹ̀ tún já bọ́ sí Orgueil ní Faransé ní 1864, ọdún kan náà tí de Gasparis di ọ̀gá ní Capodimonte. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà di òkúta dúdú mú lọ́wọ́, àwọn onímọ̀ sánmà ń tẹjú mọ́ àpáta dúdú lókè, ọgọ́rùn-ún ọdún sì kọjá kí àwọn méjèèjì tó mọ̀ pé irú ohun kan náà ni wọ́n ń wò. Ìgbà tí òkúta Murchison já bọ́ ní Ọsirélíà ní 1969, tí wọ́n bá ásíìdì amino nínú rẹ̀, ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ kọbi ara sí ohun tí irú àpáta bẹ́ẹ̀ lè gbé pamọ́. Ní 2010, ikọ̀ onímọ̀ méjì kéde pé yìnyín omi wà lójú Themis. De Gasparis ló rí àpáta yẹn náà, ní 1853.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé nọ́ńbà kò ju nọ́ńbà lọ, èmi yóò bi í léèrè ibi tí wọ́n ti ń rán ọkọ̀ òfurufú lọ. Ọkọ̀ Dawn dé Vesta ní 2011, ó dé Ceres ní 2015, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára gan-an. Ọkọ̀ NEAR kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mathilde, àpáta dúdú kan tó fẹ̀ tó nǹkan bí 50 kìlómítà, ní 1997. Erùpẹ̀ oníkábọ́ọ̀nù tí Hayabusa2 àti OSIRIS-REx bù wálé láti Ryugu àti Bennu ti ara àpáta tí kò tó kìlómítà kan wá. Kò tíì sí ọkọ̀ kankan tó dé ọ̀dọ̀ Hygiea. N kò ní nọ́ńbà nìkan ló fà á. Hygiea jìnnà, owó sì ni ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé kò gbé síwájú kì í tètè wá sí ọkàn ẹni tó ń pín owó.

Ohun tó wà níbẹ̀ kò sì kéré. Ní 2019, Pierre Vernazza láti Marseille àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi awò awọ̀nàjíjìn VLT ní aṣálẹ̀ ilẹ̀ Chile ya àwòrán Hygiea tó mọ́ gaara. Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àpáta tó tó ẹgbẹ̀rún méje ló jẹ́ ẹbí rẹ̀, tí wọ́n fọ́ kúrò lára rẹ̀ ní nǹkan bí bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ń retí ihò ńlá kan tí ìkọlù náà yóò ti dá sí i lára, wọ́n kò rí i. Wọ́n bá a pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó bíi Ceres. Ìṣirò kọ̀ǹpútà wọn fi hàn pé ohun tó kọ lù ú fẹ̀ tó 75 sí 150 kìlómítà, pé Hygiea fọ́ yángá, àwọn àfọ́kù rẹ̀ sì tún fa ara wọn padà ṣù jọ bí ohun tó ń ṣàn. Ìdí nìyí tí Vernazza fi dábàá pé ó yẹ kí wọ́n kà á mọ́ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì aràrá, ipò tí Àjọ Àwọn Onímọ̀ Sánmà Lágbàáyé dá sílẹ̀ ní 2006 tí wọ́n sì fi Ceres sí. Àwọn kan ń jiyàn pé róbótó tó ti inú fífọ́ wá kì í ṣe irú èyí tí òfin ń wí. Lójú tèmi, agbára òòfà ara rẹ̀ náà ló kó àfọ́kù wọ̀nyẹn jọ tó sì mọ wọ́n róbótó, ohun tí òfin sì béèrè nìyẹn, kò béèrè ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ní 2020, iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi awò awọ̀nàjíjìn yẹn kan náà ṣe fi hàn pé Interamnia, nọ́ńbà 704, fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ní ààlà tó wà láàárín pílánẹ́ẹ̀tì aràrá àti àpáta lásán ló wà.